Ta Ló Gbá Bọ́ọ̀lù Náà Sáwọ̀n?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọyọ̀ ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń gbá lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé ìjà pọ̀ lórí rẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá ní ìranù ni, ọmọ ní iṣẹ́ ọpọlọ ni. Kí a tó dájọ́, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a bi ọmọ náà: nígbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ta ló gbá a wọlé? Ṣé ìwọ ni, ṣé ẹ̀rọ ni, àbí owó ni?

Ẹ jẹ́ ká ti ilé mú àpẹẹrẹ. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò méjìlá ló wà, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ọmọ ayò tí ọ̀ta fi bẹ̀rẹ̀ kò ju ti ọ̀pẹ lọ. Bí ọ̀ta bá pa ọ̀pẹ, kò sẹ́ni tó máa ní ọpọ́n ló ràn án lọ́wọ́.

Géèmù bọ́ọ̀lù kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí EA Sports gbé FIFA àkọ́kọ́ jáde ní 1993, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni gidi. Lónìí, géèmù náà, tó ti ń jẹ́ EA Sports FC láti 2023, ń fi ojú, irun àti ìrìn wọn hàn débi pé ẹni tó bá wọlé lójijì lè rò pé ìdíje gidi là ń wò. Wọ́n tún ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní máàkì, tí ó lè dé 99, lórí eré sísá, bọ́ọ̀lù gbígbá sáwọ̀n, pípín bọ́ọ̀lù, fífi bọ́ọ̀lù tan alátakò, dídènà àti agbára ara. Ó bá ojú ayé mu, torí ẹsẹ̀ kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mú ẹgbẹ́ tó lágbára jù ti gba iwájú kí fèrè tó dún.

Ẹ̀rọ náà tún máa ń ranni lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọ lè ṣì, kí ẹ̀rọ tún un ṣe, kí bọ́ọ̀lù sì lọ bá ẹni tó yẹ. Bí ó bá yí ètò náà sí Manual, ìrànlọ́wọ́ tán. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ darí bọ́ọ̀lù sí, àti bó ṣe tẹ bọ́tìnnì pẹ́ tó, ló máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ní tèmi o, ibẹ̀ ni géèmù ti jọ bọ́ọ̀lù gidi jù lọ, ju òógùn tí wọ́n yà sójú agbábọ́ọ̀lù lọ. Lórí pápá, ẹni tó bá ṣìnà ló ń jìyà rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní, ṣé géèmù wá lè sọ ọmọ mi di Okocha? Rárá o. Àtàǹpàkò ló ń ṣiṣẹ́ lórí páàdì, ẹsẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí pápá. Níbi tí iṣẹ́ méjèèjì bá ti jọra ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Jann Mardenborough, ọmọ ilẹ̀ Britain, gba ipò kìíní ní 2011 nínú GT Academy, ìdíje àwọn tó ń gbá Gran Turismo, géèmù ọkọ̀ eré. Ní 2013, òun àti àwọn méjì mìíràn jọ wa ọkọ̀ nínú ìdíje wákàtí 24 ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì ṣe ipò kẹta ní ìsọ̀rí LMP2. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ọkọ̀ gidi kí ó tó dé ibẹ̀.

Ó wá ku owó. Ní ẹ̀ka géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team, ènìyàn lè fi owó ra àpò tí a dì pa, láìmọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú rẹ̀. Ní 2018, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní ilẹ̀ Belgium sọ pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ tẹ́tẹ́ ni. Ní January 2019, EA dáwọ́ títa owó inú géèmù náà dúró níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ń béèrè owó géèmù, ẹ wádìí ohun tó fẹ́ rà.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ wa bá máa ṣe ìdíje géèmù fún àwọn ọmọ wa, àbá mi rèé. Kí àwọn méjì tó ń kojú ara wọn mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan náà. Kí a dín ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ kù fún gbogbo wọn bákan náà. Kí àpò tí a fowó rà má wọ ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Nígbà náà, ẹni tó pàdánù á lè sọ pé, "Ó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ," á sì padà lọ kọ́ ọ sí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti rí nǹkan kọ́.

Ọdún mẹ́wàá pé, ogún yóò pé lójú wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.