Ọmọ Èkìtì Láàárín Ọ̀pọ̀ Èdè
Ọmọ Èkìtì tó bá lọ kàwé ní orílẹ̀-èdè Benin yóò bá ọ̀pọ̀ èdè pàdé. Faransé ni èdè ìjọba. Òun ni wọ́n fi ń kọ́ni ní Yunifásítì Abomey-Calavi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970. Ní ọjà Kutọnu, Fọ̀n ló gbòde. Ní Àjàṣẹ́, Ègùn ló wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Pọ́bẹ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ìkẹ́rẹ́ àti Emùré ní Èkìtì, síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ra wọn yé. Ìkíni àti ìṣirò owó sẹ́fà ni kí àlejò kọ́kọ́ kọ́. Abéèrè kì í ṣìnà: ẹni tí kò bá tijú àtibéèrè ni èdè ń tètè yé.