Irin Ìfálẹ̀ àti Ìbò: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Tọ́jú Ọ̀nà Ara Rẹ̀



Àsìkò ìbò ni àsìkò gírédà. Bí ọjọ́ ìdìbò bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ ńlá a wọ àdúgbò, a fá ojú ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀lé e, àwọn àgbà a sì pàtẹ́wọ́. Nígbà tí òjò mẹ́ta bá rọ̀ tán, àgbàrá a ti gbé iṣẹ́ náà lọ. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Gírédà fá ilẹ̀ kúrò, kò kó o sí àárín ọ̀nà, kò sì la gọ́tà. Ọ̀nà wá rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ó di ojú odò. Ọkọ̀ tó gbé aláboyún lóru a há sínú ẹrẹ̀, owó ẹrù ọjà a sì ga sí i. Ìyà náà a sì máa bá àdúgbò gbé títí ìbò mìíràn yóò fi dé.

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ fi yé olùdìbò ni pé ẹ̀rọ ńlá tó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́rin kọ́ ni ó ń mú ọ̀nà erùpẹ̀ dúró. Irin kékeré tó ń kọjá lórí rẹ̀ lẹ́yìn òjò ni.

Ní ọdún 1896, àgbẹ̀ kan wà ní Maitland, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ D. Ward King. Erùpẹ̀ lásán ni ọ̀nà iwájú oko rẹ̀. King mú igi ẹ̀rọ ìfami kan tó ti bàjẹ́ àti òpó igi kan tó ti gbó, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, ó sì fi ẹṣin wọ́ wọn lórí ọ̀nà náà. Nígbà tó yá, ó kọ́ àwọn ènìyàn láti la ìtì igi tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 8 sí méjì, kí wọ́n sì to ìlàjì méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, kí àlàfo ínǹṣì 30 wà láàárín wọn. Ní ọdún 1908, ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí King kọ lórí rẹ̀ jáde, kí àwọn àgbẹ̀ yòókù lè mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ rọrùn. Igi náà kì í dúró ní ìbú gbọọrọ. Orí tó wà lápá gọ́tà máa ń ṣáájú, èyí tó wà lápá àárín ọ̀nà a sì tẹ̀lé e. Bí ó ti ń lọ, ó ń bẹ́ orí gegele, ó ń fi erùpẹ̀ rẹ̀ dí kòtò, ó sì ń sún ìyókù sí àárín ọ̀nà. Oòrùn a wá mú ilẹ̀ náà le. Díẹ̀díẹ̀, àárín a ga, ẹ̀gbẹ́ a rẹlẹ̀, omi a sì mọ ibi tí yóò gbà.

Lónìí, katakata oko ni yóò dúró ní ipò ẹṣin. Irin mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi ń so ohun èlò oko mọ́ ọn, apá méjì nísàlẹ̀ àti ọ̀kan lókè. Ibẹ̀ ni irin ìfálẹ̀ yóò so mọ́.

Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe é láti inú irin àlòkù. Irin gbọọrọ méjì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 2, imú wọn tẹ̀ sókè kí wọ́n má baà gún ilẹ̀, wọ́n sì jìnnà síra tó láti bo ipa táyà katakata. Láàárín wọn ni abẹ méjì yóò wà, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Abẹ gírédà àlòkù dára jù lọ, nítorí ihò bóòtù ti wà lára rẹ̀. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é, kí ó lè ṣeé pààrọ̀ bí ó bá jẹ tán. Orí ọ̀tún abẹ ni kí ó ṣáájú, nítorí apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ní àlọ àti ní àbọ̀, erùpẹ̀ yóò máa yọ̀ sí òsì, tí í ṣe àárín ọ̀nà.

Etí abẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ju sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lọ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ irin náà. Níbẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀, abẹ kò sì lè wọlẹ̀ jù, bí awakọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Kí wẹ́dà wọn pẹ́ẹ̀nì àti ihò lára katakata tí wọn yóò lò gan-an, nítorí pẹ́ẹ̀nì ìsàlẹ̀ katakata kékeré nípọn tó mìlímítà 22, ti ńlá sì tó 28.

Bí awakọ̀ bá dín gígùn irin òkè kù, abẹ iwájú a jẹ ilẹ̀ sí i. Bí ó bá mú un gùn, irin náà a kàn tẹ́ ilẹ̀. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí erùpẹ̀ bá di ìṣù lọ́wọ́ láìlẹ̀ mọ́ ìka, kí katakata sì máa lọ wẹ́rẹ́. Fún mítà kan láti etí ọ̀nà sí àárín, kí ilẹ̀ ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà 4 sí 6. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà 6 yóò wá ní àárín tó fi sẹ̀ǹtímítà 12 sí 18 ga ju etí rẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun orí irin náà láti fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Àpò iyanrìn tí wọ́n dè dáadáa ni kí wọ́n lò. Bí ó bá sì jẹ́ ṣéènì ni wọ́n fi ń wọ́ ọ, ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́. Ṣéènì tí wọ́n so sókè lè gbé iwájú katakata sókè, kí ó sì dojú rẹ̀ dé awakọ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni èyí kan ìbò. Ó kàn án gidigidi. Irin ìfálẹ̀ kò lè la gọ́tà jíjìn, kò lè ri kọ́fáàtì, kò sì lè ra taara. Àfikún Kẹrin inú Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ọ̀nà àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á sílẹ̀. Nítorí náà, kí àdúgbò má ṣe gba ẹrù ìjọba rù. Kí ó ṣe irin tirẹ̀, kí ó sì ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n fá ọ̀nà, àti iye dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò. Ìwé yẹn ni kí wọ́n gbé síwájú ẹni tó bá wá tọrọ ìbò. Ta ni yóò la gọ́tà, ní oṣù wo? Ọkọ̀ taara mélòó ni yóò wọlé? Ta ni yóò san owó dísẹ́ẹ̀lì ní ọdún kejì, nígbà tí ìbò ti kọjá?

Ọ̀nà kì í béèrè èdè lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn ín. Hausa, Ígbò, Tápà àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń rì sínú ẹrẹ̀ kan náà. Kí wọ́n jọ dá owó irin náà, kí wọ́n sì jọ mọ bí wọ́n ṣe ná an.

Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí olùdìbò wo àárín ọ̀nà kí ó tó wo ojú olóṣèlú. Bí àárín bá ga, tí omi sì rí gọ́tà wọ̀, wọ́n ṣiṣẹ́. Bí àárín bá jìn bí ọpọ́n, ẹ̀tàn ni, bó ti wù kí ariwo gírédà pọ̀ tó.