Ọ̀rọ̀ Ohùn Ọjọ́ Àìkú: Bàtà Tí A Fi Ń Gun Ẹṣin

(Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà.)

Ẹ má bínú sí ariwo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi, wọ́n ti mú iná lọ.

Ìyá wa kan tó ń ta bàtà l'ọ́jà Ìgbudu ló bi mí ní ìbéèrè lánàá. Ọmọ wọn ọkùnrin máa bá ìdílé rẹ̀ gun ẹṣin l'Ójúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Wọ́n ní ṣé búùtù iṣẹ́ epo, èyí tó ní irin níwájú, tó kún ṣọ́ọ̀bù wọn, ò lè ṣe é? Mo ní kí n kúkú dá gbogbo wa lóhùn pa pọ̀, torí Ìjẹ̀bú pọ̀ nínú wa, ọjọ́ kẹta Iléyá ò sì jìnnà mọ́. Láti ìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti kárí ayé lọ́dún 2024, àwọn ọmọ wa ń wo agbádá, wọ́n ń wo jígí ojú, wọn ò wo ẹsẹ̀.

Ìyá wa, rárá ni o. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Bí èèyàn bá já bọ́ lórí ẹṣin, apá lè dá, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹṣin. Èyí tó burú jù ni kí ẹsẹ̀ há sínú irin tó so kọ́ ara gàárì, tí à ń ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ẹṣin á máa wọ́ onítọ̀hún nílẹ̀, ohun tó ń wọ́ yẹn á tún máa dẹ́rù bà á, á wá sáré sí i. Ẹ sì mọ Ojúde Ọba: ìlù, èrò, àwọn ìdílé Balógun tí wọ́n ń yìnbọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá júbà. Ẹṣin tí ariwo ò mọ́ lára lè ta nígbàkigbà.

Búùtù iṣẹ́ epo, torí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, kó lè di ilẹ̀ mú. Irin ẹṣin náà ló máa dì mú. Imú rẹ̀ tún fẹ̀, ó ga, ó lè fi tipátipá wọlé kó má jáde mọ́. Rénbúùtù tí a fi ń la àgbàrá Warri kọjá ńkọ́? Rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, òun náà ò dáa. Kánfáàsì ò ní gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ á yọ̀ wọlé títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Búùtù obìnrin tí gìgísẹ̀ rẹ̀ gùn tín-ín-rín, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún òde àríyá.

Ẹ wá búùtù awọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀ dáadáa, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó íǹṣì kan. Gìgísẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọlé kọjá ààyè rẹ̀. Èyí tí a ń fà wọ̀ tàbí tó ní síìpù sàn ju olókùn lọ, torí okùn bàtà lè kọ́ mọ́ irin. Kó má ní bọ́kù ńláńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fọwọ́ wo ojú rírán inú rẹ̀ níbi ojúgun. Tó bá le, á bó ọmọ lára kó tó dé iwájú ọba.

Nínú bẹ́ńdọ̀-sẹlẹ́ẹ̀tì ẹ lè rí èyí tó dára, àfi àtẹ́lẹ̀ ẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e fún ṣúméká, kó ṣí èyí tó gbẹ́ kúrò, kó lẹ èyí tó tẹ́jú mọ́ ọn, kó sì rán an yíká. Gọ́ọ̀mù nìkan ò tó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta bàtà mọ ohun tí òjò ń ṣe fún gọ́ọ̀mù.

Ẹ ní kó wọ̀ ọ́ nílé fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí awọ rẹ̀ lè rọ̀. Tí òjò bá pa á, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, inú ibòòji ni kẹ́ ẹ sá a sí, oòrùn á jẹ́ kó sán.

Tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹṣin, kí ẹnìkan di ìjánu mú, kó ki ẹsẹ̀ bọ irin náà. Kí àyè tó tó ààbọ̀ íǹṣì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì bàtà. Kó fa ẹsẹ̀ yọ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá há lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó pààrọ̀ bàtà, tàbí kí wọ́n wá irin tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó fẹ̀ lẹ́yìn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kó fi tẹ̀ ẹ́, kó má ki gbogbo ẹsẹ̀ wọlé. Ẹ máa rí àwọn Hausa tó ń tọ́jú ẹṣin tí wọ́n wọ sílípáàsì gùn ún. Àtikékeré ni wọ́n ti wà lórí ẹṣin, ọmọ ti yín ò tíì lo oṣù kan. Nígbà tó bá ń kọ́ ọ náà, kó dé akoto; fìlà di ọjọ́ òde.

Ìyá wa, kẹ́ ẹ tó fi bàtà yẹn ránṣẹ́ sílé, ẹ ya fọ́tò àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sórí gúrúùpù ká jọ wò ó. Epo jẹnẹrétọ̀ yìí ti ń tán lọ, ẹ jẹ́ n dúró níbẹ̀.