Oúnjẹ Tó Ń Gbé Ọmọ Ró, Ilé Tó Dùn-ún Wò

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ògiri ilé sì ni. Ẹ má ṣe fojú kéré rẹ̀. Ibi ìkòkò yẹn ni ìlera ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ibi ògiri yẹn náà ni owó ilé máa ń gbà jáde láìnídìí.

Ẹ wo ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ pupa ni, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Láti Ìfọ̀nyìn dé Banigbé, láti Daagbé dé Lagbè, títí dé Tchaada àti Ko-Koumolou, ibi gbogbo ni ọ̀pẹ wà. Ní Pobè, tí kò jìnnà sí wa, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀pẹ láti ọdún 1922. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àsìkò òjò ń dé fún wa lọ́dún: èkíní láti oṣù kẹta dé oṣù keje, èkejì láti oṣù kẹsàn-án dé oṣù kọkànlá. À ń gbin àgbàdo, à ń gbin ẹ̀gẹ́, à ń gbin ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sójà. Ẹni tó bá dé ọjà Igolo, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, yóò rí i pé oúnjẹ kò wọ́n níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí ọmọ fi ń rù nínú ilé tí oúnjẹ wà?

Ààrò mẹ́ta oúnjẹ

Ìdáhùn rẹ̀ rèé: ikùn lè kún, kí ara má rí nǹkan jẹ. Àwọn àgbà wa ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ rí. Ààrò kìíní ni oúnjẹ tí ń fún ni lágbára: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, gàrí, iṣu. Ààrò kejì ni oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà: ẹ̀wà, sójà, ẹ̀pà, ẹja, ẹyin, ẹran. Ààrò kẹta ni oúnjẹ tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àìsàn: ẹ̀fọ́, èso, epo pupa. Bí ẹ bá yọ ààrò kan kúrò, ìkòkò á ṣubú. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, gàrí lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́, orí ààrò kan ṣoṣo ló wà.

Ní ọdún 1935, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Cicely Williams kọ̀wé nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn ọmọdé ní Gold Coast, èyí tí à ń pè ní Gánà lónìí. Orúkọ tí àwọn ará Gà ń pe àìsàn náà ló lò: kwashiorkor. Àìsàn ọmọ tí àbúrò dé bá ni. Wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì fi ògì lásán rọ́pò rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ á wú, ojú rẹ̀ á wú, irun rẹ̀ á pọ́n, kò ní fẹ́ ṣeré mọ́. Àwọn mìíràn á máa sọ pé, "Ọmọ yìí mà sanra o!" Kì í ṣe sísanra, omi ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, tí ojú ìka náà sì dá ihò síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.

Ṣùgbọ́n kí ó tó dé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí á dá a dúró láti inú ìkòkò. Omi ọmú nìkan tó ọmọ fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fún un lóúnjẹ mọ́ ọmú títí yóò fi pé ọdún 2, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ oṣù 6 sí 8 yóò jẹun ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Láti oṣù 9, kí ó jẹ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ fọ ọwọ́ yín àti ọwọ́ ọmọ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ògì alágbára

Ohun tí ẹ ó wá: ago àgbàdo 3, ago sójà 1, ìlàjì ago ẹ̀pà. Ago kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀.

1. Ẹ ṣa àgbàdo, sójà àti ẹ̀pà dáadáa. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ ṣọ́ owó. Májèlé wà nínú ẹ̀pà tó bu àti àgbàdo tó bu, iná kì í sì í pa á.
2. Ẹ fọ sójà, kí ẹ sè é fún ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi ọwọ́ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sá a kí ó gbẹ. Sójà tútù kì í dà nínú ikùn ọmọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń sè é.
3. Ẹ yan sójà náà títí yóò fi pọ́n díẹ̀. Ẹ yan àgbàdo lọ́tọ̀. Ẹ yan ẹ̀pà lọ́tọ̀, kí ẹ bó èèpo rẹ̀.
4. Ẹ pò wọ́n pọ̀, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀rọ kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ kù ú.
5. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tó gbẹ tó sì ní ìdérí. Ẹ má lọ̀ ju èyí tí ẹ ó lò fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sè é, ẹ fi ago omi tútù kan po ṣíbí ìyẹ̀fun 4 tó kún dáadáa. Ẹ dà á sínú ago omi méjì tó ń hó, ẹ máa rò ó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 15. Bí ó bá ti ń kúrò lórí iná, ẹ fi ṣíbí kékeré epo pupa kan sí i. Ẹ wò ó dáadáa: bí ẹ bá dojú ṣíbí délẹ̀ díẹ̀, kò yẹ kí ògì náà tètè ṣàn kúrò. Ògì tó ṣàn bí omi kò lè bọ́ ọmọ, torí pé ikùn ọmọ kéré, omi ni yóò kún un.

Ẹ̀fọ́ tètè tòun ti ẹja gbígbẹ

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ wá ìdì tètè ńlá méjì, ẹja gbígbẹ, ago ẹ̀gúsí lílọ̀ kan, ata, àlùbọ́sà, irú, iyọ̀ àti epo pupa.

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán. Bí ẹ bá gé e tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, omi á gbé oore inú rẹ̀ lọ. Ẹ gbé epo kaná díẹ̀, ẹ da àlùbọ́sà àti ata sí i, ẹ fi irú àti ẹja sí i, ẹ bu omi díẹ̀. Ẹ fi omi po ẹ̀gúsí, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 10. Ìgbà yìí ni ẹ ó wá da ẹ̀fọ́ sí i. Bí ó bá ti rọ̀, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ má pẹ́ lórí iná.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ epo pupa o. Ohun tó mú kí epo pọ́n ni ara wa máa ń sọ di fítámì A, tí ń ṣọ́ ojú ọmọ, tí í sì í lé àìsàn. Bí ẹ bá yọ́ epo títí ó fi funfun, ẹ ti sun oore náà dànù. Ọlọ́run fún wa ní ọ̀pẹ, ẹ jẹ́ kí á jẹ epo rẹ̀ ní pupa.

Ẹ̀wà alálẹ́

Ẹ rẹ ẹ̀wà ago 3 láti àárọ̀, ẹ da omi rírẹ náà nù. Ẹ sè é títí yóò fi rọ̀. Ẹ fi epo pupa díẹ̀, ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i. Gàrí ló máa ń bá a lọ. Bí ó bá kan ọmọ kékeré, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó kúnná. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún olúkúlùkù ní ọsàn díẹ̀. Omi ọsàn máa ń jẹ́ kí ara gba ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ wá láti inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n kí tíì má tẹ̀lé oúnjẹ o, torí ó máa ń dí i lọ́nà.

Ilé tó dùn-ún wò láìná owó púpọ̀

Ẹ lè bi wá pé, kí ló da oúnjẹ pọ̀ mọ́ ẹwà ilé? Owó ni. Bí ìkómọjáde tàbí ọdún bá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ń yáwó ra òdòdó rọ́bà, ń yáwó ra ọ̀dà àti aṣọ fèrèsé. Ọdún á lọ, gbèsè á dúró. Ta ló ń san án? Ọmọ ni, torí ẹyin àti ẹja tó yẹ kó jẹ ni a fi ń san án. Ẹ jẹ́ kí á lo ohun tó wà nítòsí.

Ọ̀dà ilẹ̀ pupa. Ẹ bu ilẹ̀ pupa, ẹ kù ú kí ó kúnná. Ẹ fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáṣì, ẹ sè é kí ó ki díẹ̀. Ẹ po ìwọ̀n ilẹ̀ 4 mọ́ ìwọ̀n sítáṣì 1, ẹ fi omi là á títí yóò fi dà bí ògì. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára igun kan. Bí ó bá gbẹ tó ń ràn mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, ẹ fi sítáṣì kún un. Ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹfun ń fún wa ní funfun, èédú tí a gún kúnná sì ń fún wa ní dúdú. Inú yàrá àti abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ ti lò ó, torí òjò lè fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má rò pé iṣẹ́ tálákà ni o. Ní Koutammakou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, amọ̀ ni àwọn Batammariba fi ń kọ́ ilé wọn, omi èèpo irúgbá sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa ògiri kí òjò má bà á jẹ́. Àjọ UNESCO kọ apá ti Tógò sínú ìwé ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2004, wọ́n sì fi apá ti Bẹ̀nẹ̀ kún un ní 2023.

Aṣọ fèrèsé alálẹ̀mọ́. Ẹ bẹ télọ̀ kí ó fún yín ní àjákù aṣọ. Ẹ gé e bí ẹyẹ, bí ewé, bí ẹja, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ kan tó le. Irú iṣẹ́ yìí ló sọ àwọn alálẹ̀mọ́ Àgbómẹ̀ di olókìkí. Àwọn ọba wọn fi ń sọ ìtàn ìjọba. Ẹ̀yin náà ẹ fi sọ ìtàn ilé yín.

Ọgbà inú agolo. Ẹ wá agolo tòmátì tàbí ti mílíìkì tó ti tán, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ sí i, ẹ gbin efinrin, tètè tàbí ata. Ẹ tò ó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ó dùn-ún wò, ó sì ṣe é jẹ. Ihò yẹn ṣe pàtàkì, torí omi tó bá dúró, ẹ̀fọn á yé sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì lo ike tàbí agolo oògùn kòkòrò. Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, májèlé ṣì wà níbẹ̀.

Imọ̀ ọ̀pẹ fún ọjọ́ ayẹyẹ. Ẹ hun imọ̀ ọ̀pẹ sí ẹnu ọ̀nà. Imọ̀ ìsàlẹ̀ tó ti gbó ni kí ẹ gé, ẹ má gé ọ̀mùnú àárín, torí ibẹ̀ ni ọ̀pẹ fi ń dàgbà. Bí imọ̀ bá gbẹ, ẹ tú u, torí iná máa ń tètè ràn án.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

Ẹ pé jọ ní kíláàsì tàbí lábẹ́ igi, kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí:

1. Lánàá, ààrò mélòó ni ọmọ wa jẹ nínú mẹ́ta?
2. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni ọmọ wa jẹ ẹyin tàbí ẹja?
3. Èló ni a ná lórí ẹwà ilé nígbà ọdún tó kọjá? Ẹyin mélòó ni ìyẹn ìbá rà?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ọ̀kọ. Ẹ bàbá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín o, torí ọwọ́ yín ni owó ọbẹ̀ ti ń wá. Kí olúkúlùkù yan ohun kan ṣe kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé: ìyẹ̀fun ògì kan, tàbí agolo tètè kan, tàbí ògiri kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ aládùúgbò yín kan.

Ọmọ yín kò ní rántí òdòdó rọ́bà. Ara tó le ni yóò fi máa rántí yín.