Báàjì Àwọn Ọmọbìnrin Wa àti Ìwé Tí Ń Jẹ́rìí Rẹ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí Òjòwò lónìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, nítorí báàjì kò ju àkísà aṣọ kékeré tí a rán mọ́ apá ẹ̀wù lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọdún 12 bá wọ̀ ọ́, ohun tí ó ń wí fún gbogbo ènìyàn ni pé, Mo lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí kò bá lè ṣe é, àwa àgbà ni a fi irọ́ wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ní ọdún 1909, àwọn ọmọbìnrin kan lọ síbi àpéjọ àwọn Scouts ní Crystal Palace ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba àwọn náà. Ní 1910, Baden-Powell àti Agnes arábìnrin rẹ̀ gbé ẹgbẹ́ Girl Guides kalẹ̀. Ní 1919 ó ti dé Nàìjíríà. Lady Oyinkan Abayomi, ọmọ Sir Kitoyi Ajasa, wà lára àwọn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ ọ dàgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi báàjì jẹ́rìí iṣẹ́: ti alásè, ti alágbàfọ̀, ti aránṣọ, ti olùtọ́jú ọmọ. Girls' Brigade, tí ó ti inú ìjọ dìde ní Dublin ní 1893, kò yàtọ̀ ní ti èyí.

Ẹ lè bi wá pé, kí ni ìwé ń wá níbẹ̀? Ẹ wo alájọ. Obìnrin wo nínú ọjà ni yóò máa fi owó lé e lọ́wọ́ láìgba káàdì? Alájọ a sàmì sí káàdì, a sì tún kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì a sọ̀rọ̀. Èé ṣe tí a fi ń gbé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ọmọbìnrin kan lé orí ìrántí olórí ẹgbẹ́ nìkan? Olórí a ṣí lọ sí Ìbàdàn, tàbí kí ó lọ sílé ọkọ. Olórí tuntun kò mọ ẹni tí ó yege. Ọmọ tí ó ti ṣiṣẹ́ tán a tún bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ ọlọ́lá a sì gba èyí tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ìkẹyìn yìí ni ó burú jù lójú wa, nítorí àwọn ọmọ yòókù mọ̀, wọn kì í sì í gbàgbé. Ní ọjọ́ Ọjúde Ọba, owó ni a fi ń gba aṣọ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Owó kò gbọdọ̀ gba báàjì.

Nítorí náà, kí ìwé ńlá kan wà, ojú ewé kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ó wọlé, ọjọ́ tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ́, lẹ́yìn èyí, ìlà kan fún báàjì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ìdánwò, ìfọwọ́sí olùdánwò, ọjọ́ tí a fi í fún un. Kí olùdánwò má ṣe jẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ. Agbẹ̀bí ni kí ó dán ìtọ́jú ọmọ wò, kí aránṣọ dán aṣọ rírán wò. Kí ọmọ náà ní káàdì lọ́wọ́, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè.

Ní ti báàjì fúnra rẹ̀, àpótí onípáànù tí ó ní àgádágodo tó. Bí a bá ra 20, tí a fi 13 fúnni, 7 ni ó gbọ́dọ̀ kù níbẹ̀, akápò ni yóò sì kà á, kì í ṣe olórí. Ikán kì í bọ̀wọ̀ fún ìwé ìjọ. Kí a ṣe àdàkọ rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni tí ó ní fóònù sì lè ya àwòrán rẹ̀.

A kò ní kí àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣáájú ìwé yìí tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Kí ẹlẹ́rìí méjì tí ó rí i fọwọ́ sí i. Níbi tí ẹlẹ́rìí kò bá sí, kí ọmọ se ọbẹ̀ náà lójú wa, kí ó di ọgbẹ́ náà, kí a sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.