Ọmọ Olóye àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ó Bá A Mu

 

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, tọkọtaya kan mú ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá sí ọ̀dọ̀ wa. Bí wọ́n ti ń ro ẹjọ́ wọn, ojú ọpọ́n ni ọmọ náà ń wò. Ó ní, "Bàbá, oríṣìí ilà mélòó ni ẹ lè tẹ̀ síbẹ̀?" A ṣàlàyé fún un pé apá kan Odù ní ojú ilà mẹ́rin, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Kí a tó bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán, ó ti fi ẹfun ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún sílẹ̀, kò sì ya ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yìí kan náà ni olùkọ́ rẹ̀ ń dá dúró sí igun kíláàsì, nítorí pé ó máa ń dáhùn ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láàárọ̀ pé inú ń run òun. Bàbá fẹ́ kí ó fo kíláàsì méjì. Ìyá fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá. Wọ́n ní kí Ifá yàn fún wọn.

A dá Ifá. Ifá sọ ti orí ọmọ, ó sì yan ẹbọ. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ: Ifá kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Awo tí ó bá dárúkọ ọ̀kan fún yín, ẹ bi í bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ni ín.

Inú àṣìṣe wa ni a ti kọ́ ohun tí a sọ fún wọn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ọmọ-awo, ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó fi mọ ojú Odù mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún àti ọ̀pọ̀ àmúlù. A mú un kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, a fi í sí àárín àgbà. Kò gbálẹ̀ ojúbọ mọ́, kò gbé àpò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni. Níbi tí awo bá pé sí, òun ni a ń pè kí ó wá kífá, àwọn ènìyàn a sì máa ná an lówó. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé ó ṣi ẹsẹ̀ kan pè. Lọ́jọ́ náà, ó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Ní ọdọọdún bí èyí, a ṣì máa ń wo ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tí ó kọ́ àwa náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kì í dúró de ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́: bí ó bá ti mọ ti àná, wọn a fún un ní ti òní. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo ọmọ ni ń pọn omi.

A ní kí àwọn òbí náà wá irú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Suleja fún àwọn ọmọ olóye, gírámà ni, ó sì jìnnà sí ìyá. A ní kí wọ́n jókòó sí kíláàsì fún wákàtí kan kí wọ́n tó béèrè owó, kí wọ́n gbọ́ bóyá olùkọ́ lè sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Kí wọ́n sì wádìí bóyá wọ́n ń na ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kì í rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ìyá náà rìn dé. Ní ẹ̀kẹrin, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, olùkọ́ kan bi ọmọ náà ní ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni ó wà báyìí. Bí ó bá di àsìkò ìṣirò, a lọ bá àwọn Prámárì karùn-ún. Lẹ́yìn náà a padà sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìkẹta. Ìyá rẹ̀ sọ fún wa lóṣù tó kọjá pé wọ́n lé e kúrò nínú eré tẹ́ńtẹ́n nítorí pé iyàn rẹ̀ pọ̀ jù. Ó sunkún dé ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà á padà.