Ta Ni Ń Ro Oko Inú Ọ̀gán?



Ẹni tí ó bá ka Súrà Saba, orí 34 nínú Alùkùránì, yóò bá ìtàn ikú Ànábì Sulaimọ́nù pàdé ní ẹsẹ 14. Àwọn àlùjọ̀nnú kò mọ̀ pé ó ti kú, àfi ìgbà tí ẹ̀dá ilẹ̀ kan jẹ ọ̀pá tí ó fi ara tì. Ikán ni ọ̀pọ̀ onítumọ̀ pe ẹ̀dá náà. Ẹni tí ó bá sì ní ilé ní Kútọ̀ kò nílò àlàyé nípa ohun tí ikán lè fi ojú òrùlé rí. Ṣùgbọ́n ikán kan wà tí kì í ṣe apanirun lásán. Àgbẹ̀ ni.

Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, àwọn ará oko nílẹ̀ Ẹ̀gbá a máa rí olú ní ẹ̀bá ọ̀gán. Olúọ̀rán wà nínú wọn, èyí tí ó kéré ṣùgbọ́n tí ó máa ń hù lọ́pọ̀ yanturu. Olú wọ̀nyí kì í ṣàdédé hù. Ikán òṣìṣẹ́ a jẹ igi gbígbẹ àti ewé pọ̀ mọ́ irúgbìn olú, a sì yà á sínú ọ̀gán, a fi mọ ohun kan tí ó ní ihò bí afárá oyin. Olú a ta sórí afárá yìí bí òwú funfun, a so kóró wẹ́wẹ́, ikán a sì jẹ ẹ́. Igi tí ikán kò lè dá sọ di oúnjẹ, olú ni ó ń bá a sè é. Roger Heim, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó sọ ẹbí olú yìí ní Termitomyces ní ọdún 1942. (Àwọn èèrà kan náà ń dáko olú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, kí ẹnikẹ́ni má wá wọn lọ sínú ihò ìjàlọ níhìn-ín.)

Kò sí oko tí kò ní èpò. Olú mìíràn tí ń jẹ́ Pseudoxylaria ń fara pamọ́ sínú afárá kan náà. Nígbà tí ikán bá wà nídìí iṣẹ́, ojú lè má rí i rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé afárá kúrò lọ́dọ̀ ikán, láàárín ọjọ́ díẹ̀ èpò yìí yóò ti bò ó mọ́lẹ̀.

Kí ni ó ń dì í lọ́wọ́? Ìwádìí kan ní ọdún 2011 gbin èpò náà àti Termitomyces pọ̀ sínú àwo kan. Èpò inú ọ̀gán pàápàá kì í bá a jà tó bí àwọn ìbátan rẹ̀ tí ń gbé ìta ti ń ṣe. Ó jọ àlejò tí kò fẹ́ kí onílé mọ̀ pé òun ṣì wà nílé. Ní ọdún 2013, a rí kòkòrò àìfojúrí Bacillus lọ́dọ̀ ikán Macrotermes natalensis ti Gúúsù Áfíríkà, tí ń pèsè èròjà bacillaene láti dènà àwọn olú ọ̀tá. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí láti Íńdíà sọ pé ikán Odontotermes obesus ń fi òórùn mọ èpò yàtọ̀ sí olú rẹ̀, ó sì ń fi erùpẹ̀ sin èpò náà.

Ẹlòmíràn yóò ní, kí ni èyí kan òun? Ikán tí ó bá wọ ilé, ẹ gbógun tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó da oògùn sínú ọ̀gán tí ó wà lóko jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, àgbẹ̀ ni ó pa, èpò ni yóò sì jogún oko. Olú yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń kó èérún igi sínú àpò gbìn tà. Bí ikán bá lọ, ó parí.

Ìkórè náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Lọ́dọ̀ Macrotermes bellicosus tí ó wà ní Nàìjíríà, akọ èsúnsún ni ń gbé irúgbìn olú lọ sí ilé tuntun. Ọ̀pọ̀ ikán yòókù kò rí bẹ́ẹ̀: inú ilẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé tuntun ti ń ṣa irúgbìn tí olú ìta gbọ̀n sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ká olú, ẹ fi èyí tí ó ti là tán, tí etí rẹ̀ ti ya, sílẹ̀ ní ojú ibi tí ó wà.